Búrẹ́dì ápù mi pọ́n lókè, àárín rẹ̀ ń ṣe bí ẹ̀kọ. Ẹ gbà mí o

Ìyá_Ìbejì_Adó · Ọjọ́ Ẹtì, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ dákun, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń tọ́jú ìwúkàrà kíkan nínú ìgò, fúláwà àti omi lásán, kò sí yíìsì olówó nínú rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó wà lókè òkun ló kọ́ mi lórí fóònù. Ó ní bí mo bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, kí n kọ́kọ́ bu apá kan kúrò, torí bí n kò bá bù ú, yóò pọ̀ títí yóò fi kún ilé. Mo ń bù ú, mo ń dà á nù, ó sì ń dùn mí wọnú eegun. Ìyá tó bí mi kò da omi ògì nù rí. Èmi wá dé, mo ń da fúláwà sí gọ́tà láràárọ̀.

Nígbà tí mo fi ẹjọ́ sùn ún, ó ní kí n máa kó èyí tí mo bù jọ sínú fìríìjì, kí n fi yan búrẹ́dì ápù aládùn, irú èyí tí a kì í dúró kó wú kí a tó gbé e sínú iná. Ohun tó kọ ránṣẹ́ nìyí: ìwúkàrà tí a bù kúrò ife kan, fúláwà 200 gíráàmù (bí ife kan àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀), ṣúgà 150 gíráàmù, òróró 100 mílílítà, ẹyin méjì, baking soda ààbọ̀ ṣíbí kékeré, baking powder ṣíbí kékeré kan, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré, sínámónì ṣíbí kékeré kan àti ààbọ̀, ápù méjì tí a gé wẹ́wẹ́. Iná 175°C, ìṣẹ́jú 55 nínú páànù búrẹ́dì.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba àdúgbò. Lókè, ó pọ́n, ó là lójú bí ti inú fọ́tò. Mo fi ọ̀bẹ kàn án, àárín rẹ̀ ń dán, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Gbogbo ápù ti rì sísàlẹ̀ páànù, wọ́n tò síbẹ̀ bí òkúta ìdí odò. Ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta ápù kan ní Ọjà Ọba báyìí. Ọkọ mi gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ, ó ní ó dùn, àmọ́ kí n má sọ fún àlejò pé búrẹ́dì ni.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 8:31 alẹ́

Màmá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Ọ́fùnù wo lẹ fi yan án mà? Ti iná ẹ̀lẹ́tíríkì àbí ti gáàsì? Torí tèmi, wọ́n mú iná lọ nígbà tó kù díẹ̀ kó jinná, ó sì wọlẹ̀ lójú mi bí orí ẹni tó ń tòògbé.

Ìyá_Ìbejì_Adó · Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 alẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Gáàsì ni, èyí tó wà lábẹ́ sítóòfù. Nọ́ńbà ara bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́ tipẹ́, ojú ni mo fi díwọ̀n 175 yẹn, n kò ní purọ́.

Bàbá_Aláàrò · Ọjọ́ Ẹtì, 9:05 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi yan búrẹ́dì nínú ààrò amọ̀ ní Ìkọ̀lé kí ẹ̀yìn tó ní kí n lọ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí n má gbàgbé: ohun tí ẹ yan yẹn, kéèkì là ń pè é. Búrẹ́dì là ń pò, là ń fi ẹ̀rọ lọ̀, là ń ká, là ń dúró dè. Èyí tí èèyàn fi ṣíbí rò, tó dà sí páànù, kí òyìnbó máa pè é ní búrẹ́dì, ìyẹn di ọwọ́ wọn.

Ní ti àárín tí kò jinná, iná yín ló pọ̀ jù. Iná tó bá gbóná jù, èèpo á yára pọ́n, ẹni tó ń wò ó á rò pé ó ti tó, inú ṣì ń sùn. Ẹ gbé páànù sí agbede méjì ọ́fùnù, ẹ rẹ iná sílẹ̀, bó bá ti lo ìṣẹ́jú 35 kí ẹ fi fọ́ìlì bo orí rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan. Igi ìtayín ni kí ẹ fi gún un, láàárín gangan.

Ìyá_Ìbejì_Adó · Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Àmọ́ ohun kan rú mi lójú. Lẹ́yìn tí mo gé e tán, mo dá ìlàjì padà sínú iná fún ogún ìṣẹ́jú. Èèpo di dúdú. Àárín rẹ̀ kò yí padà, bó ṣe ń dán tẹ́lẹ̀ náà ló ń dán.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n · Ọjọ́ Ẹtì, 9:20 alẹ́

Màmá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o, ẹ rò ó pẹ́ jù bí? Àwa ọmọ Èkìtì, ọwọ́ wa kò mọ ìdíwọ̀n. Bí nǹkan bá ti funfun tó sì wà nínú odó tàbí abọ́, a ti fẹ́ gún un kó dán. Àpòpọ̀ yìí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rò ó títí, okun inú fúláwà á jí, búrẹ́dì á le, ihò gbọọrọ á sì máa là nínú rẹ̀ bí ọ̀nà ikán. Ẹ rò ó títí fúláwà gbígbẹ á fi pòórá, ó parí, kóró díẹ̀díẹ̀ tó bá kù nínú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Kò_sí_wàhálà · Ọjọ́ Ẹtì, 9:26 alẹ́

Gbogbo eléyìí torí ápù? Uyán ń bẹ ní ulé.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 9:28 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, uyán kò ṣe é dì sínú báàgì ilé ìwé.

Ìyá_Adìyẹ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. N kò mọ nǹkan kan nípa ìwúkàrà yín, àfi èyí tí à ń kà nínú Bíbélì. Ìbéèrè ni mo mú wá. Kí ló dé tí baking soda fi wà nínú rẹ̀ tí baking powder tún wà? Ṣé ọ̀kan kò tó ni? Bí n kò bá sì rí soda rà, ṣé mo lè fi kán-ún díẹ̀ sí i, irú èyí tí à ń fi sí ewédú?

Olùkọ́_Ìjerò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:35 àárọ̀

Màmá, ìbéèrè yín dára, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Ohun tó mú ìwúkàrà kan náà ló mú ògì kan. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí ń jẹ ṣúgà inú ìyẹ̀fun, wọ́n sì ń fi ásíìdì sílẹ̀, pàápàá lactic acid, pẹ̀lú díẹ̀ nínú irú èyí tó wà nínú fínígà. Baking soda kì í dúró níbi tí ásíìdì bá wà. Bí wọ́n bá ti pàdé nínú omi, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á tú jáde, òun ló ń gbé àpòpọ̀ náà dìde. Ẹ bu ṣíbí ìwúkàrà méjì sínú ife, ẹ wọ́n soda díẹ̀ sí i, ẹ rò ó. Yóò hó bí ọṣẹ, yóò máa gùn ife náà bọ̀ lójú yín.

Ìhó yẹn kì í pẹ́ lọ. Nítorí náà, ọ́fùnù gbọ́dọ̀ ti gbóná kí ìwúkàrà tó kan soda. Ẹni tó bá pò ó tán tó wá ń gba ìpè, atẹ́gùn ti lọ. Ibẹ̀ ni baking powder ti wúlò: ó gbé ásíìdì tirẹ̀ wá sínú agolo, apá kan rẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi bí iná bá kàn án. Soda ṣe tiwájú, powder ṣe tẹ̀yìn.

Kán-ún, yóò hó lóòótọ́, torí irú soda bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta kan kì í lágbára bí èkejì, yanrìn àti ìdọ̀tí sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, búrẹ́dì yín á dúdú, á sì máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Baking soda pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá dà á sí i bí iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ fi kán-ún sílẹ̀ fún ewédú.

Ìyá_Adìyẹ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:41 àárọ̀

Ó yé mi yékéyéké. Ẹ ṣeun, tíṣà.

Ọlọ́kéèkì_Ìdó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Ìbejì, mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ dáhùn ẹyọ kan fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ fún ìwúkàrà yín lóúnjẹ, fúláwà mélòó, omi mélòó, kí lẹ sì fi ń wọ̀n wọ́n?

Ìyá_Ìbejì_Adó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:20 àárọ̀

Àbúrò, ife kan náà ni. Fúláwà ife kan, omi ife kan. Ọmọ yẹn ní kí méjèèjì dọ́gba.

Ọlọ́kéèkì_Ìdó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:48 àárọ̀

Mo ti rí i!

Ọmọ yẹn kò ṣì yín lọ́nà o. Dídọ́gba lórí òṣùwọ̀n ló ní lọ́kàn, ẹ̀yin ṣe é dọ́gba nínú ife. Fúláwà fúyẹ́, omi wúwo. Ife fúláwà kan tí ẹ kò kì mọ́lẹ̀ sún mọ́ 120 gíráàmù. Ife omi kan náà, 240. Ìyẹn ni pé omi inú ìgò yín wúwo ní ìlọ́po méjì fúláwà rẹ̀. Tí n kò bá ṣì í, ìwúkàrà yín máa ń ṣàn ni, bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò sínú omi tútù kí wọ́n tó dà á sórí iná.

Ẹ bá mi ṣírò. Búrẹ́dì yẹn ń retí ìwúkàrà 240 gíráàmù tó jẹ́ fúláwà 120, omi 120. Nínú 240 tiyín, fúláwà jẹ́ 80 péré, omi jẹ́ 160. Fúláwà fi 40 dín, omi fi 40 lé. Ẹ wá da ápù lé e, ápù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi dá a padà sínú iná tí kò yí padà. Omi ló pọ̀ níbẹ̀ ju ohun tí fúláwà lè mu.

Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n sínú ife, ẹ kọ́kọ́ fi ṣíbí rò ó kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ife kan tó kún fún ìhó, ìlàjì ife ni.

Ìyá_Ìbejì_Adó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:55 àárọ̀

Bí ògì inú omi tútù gan-an ni! Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Oṣù méjì!

Bàbá_Aláàrò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:30 àárọ̀

Omi 40 gíráàmù, ìyẹn kò tó ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta. Ṣé òun ló wá sọ kéèkì odidi di ẹ̀kọ? Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ iná.

Ọlọ́kéèkì_Ìdó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:52 àárọ̀

Bàbá, mo kí yín o, ọwọ́ yín ti wà nínú ààrò kí wọ́n tó bí mi. Ká ní omi nìkan ló lé, mo lè gbà. Àmọ́ fúláwà tó yẹ kó mu omi náà ló tún dín. Ẹ sì wo àmì kejì: ápù rì. Nínú àpòpọ̀ tó ki, ápù kì í rí àyè rì, ibi tí ẹ fi í sí ló máa wà. Àwọn kan ní kí a fi fúláwà ra ápù lára kó má rì, ó ń ran ni lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ bí àpòpọ̀ bá ń ṣàn, kò sí fúláwà tó lè dì í mú. Iná tí ẹ sọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, n kò jiyàn. Ẹjọ́ méjì ló dà pọ̀.

Bàbá_Aláàrò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:10 ọ̀sán

Ti ápù yẹn, o mú mi. Mo gbà.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:15 ọ̀sán

Àǹtí Ìdó, báwo ni màmá ṣe máa wá tún un ṣe? Ṣé wọ́n á da èyí tó wà nílẹ̀ nù ni?

Ọlọ́kéèkì_Ìdó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:40 ọ̀sán

Dídà bí ti báwo? Torí ká má baà da nǹkan nù la ṣe wà níbí. Èyí tó wà nínú fìríìjì, kí wọ́n wọ̀n 180 gíráàmù nínú rẹ̀ dípò 240, fúláwà ibẹ̀ á jẹ́ 60, omi 120. Kí wọ́n wá fi fúláwà 60 gíráàmù kún ti inú abọ́, ó ti bọ́ sípò nìyẹn. Láti òní lọ, ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n, kó máa fi fúláwà ife méjì pàdé omi ife kan.

Kí wọ́n sì dín iye tí wọ́n ń tọ́jú kù. Ìyá ìwúkàrà ṣíbí ọbẹ̀ kan ti tó fún ilé. Ẹni tó ń fún ife mẹ́ta lóúnjẹ lójoojúmọ́, ó ń sin màlúù ni.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbà mí láyè, èmi kò ní ọ́fùnù. Ìkòkò ńlá ni mo ń lò: yanrìn sí ìdí rẹ̀, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lórí yanrìn, páànù lórí irin, mo dé e, mo gbé e ka gáàsì. Mo máa ń jẹ́ kó gbóná fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó gbé páànù wọlé. Ìsàlẹ̀ máa ń dára. Òkè ló máa ń tutù rinrin, kì í pọ́n láé.

Bàbá_Aláàrò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Èyí gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ mi. Ooru omi gbígbóná ń gòkè, ó kan ọmọrí, ó di omi, ó ń kán padà sórí kéèkì rẹ. Da ẹyin èédú pípọ́n mélòó kan sórí ọmọrí náà. Omi kò ní rí àyè dì mọ́ ọn, òkè á sì pọ́n. Ìta ni kí o ti ṣe é o, má ṣe èédú nínú yàrá.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀mí yín á gùn, bàbá.

Ìyá_Adìyẹ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:18 ọ̀sán

Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi o, ẹ ti kó mi sí i. Ọjọ́ kẹrin rèé. Omi aláwọ̀ eérú kan gun orí rẹ̀ lóru, ó ń rùn bí ẹmu ọjọ́ kẹta. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Olùkọ́_Ìjerò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:00 ìrọ̀lẹ́

Kò bàjẹ́, màmá, ebi ló ń pa á. Ọtí díẹ̀ wà nínú omi yẹn. Ẹ dà á kúrò tàbí kí ẹ rò ó mọ́ ọn, kí ẹ sì fún un lóúnjẹ. Ooru wa ló ń mú kó tètè pebi, ohun tó ń gba odidi ọjọ́ nílùú tútù lè parí níhìn-ín láàárín wákàtí díẹ̀. Bí fìríìjì kò bá ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ibẹ̀ máa ń tutù díẹ̀.

Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ gbójú fò ni àwọ̀. Bí ẹ bá rí ilà pupa rúsúrúsú tàbí bí ọsàn nínú rẹ̀, tàbí èbu onírun, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ fi omi gbígbóná fọ ìgò náà. Ẹ má sọ pé ẹ ó yọ ibi tó bàjẹ́.

Kò_sí_wàhálà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:44 alẹ́

Mo ń kà á láti ẹ̀yìn. Ápù aláwọ̀ ewé ni kí n rà àbí pupa?

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:46 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n! Uyán ńkọ́?

Ọlọ́kéèkì_Ìdó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:01 alẹ́

Ewé. Ó kan díẹ̀, ó sì le, kì í tètè yọ́ di omi nínú iná. Pupa tó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí wiilibáró máa ń fọ́ bí ìyẹ̀fun. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ẹ dín ṣúgà kù. Ẹ má fi páànù ìrinlá rin ín o, ẹ gé e, bí orí ìka ọmọdé. Èyí tí a bá rin, omi rẹ̀ á tú jáde, a ó sì tún padà sídìí ẹ̀kọ.

Ìyá_Ìbejì_Adó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo dé o.

Mo kọ́kọ́ lọ yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹja dídì lójúde wa. Mo gbé ìwúkàrà lé e, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mì rárá. Kílò ló mọ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo pa òṣùwọ̀n tì, mo padà sídìí ife. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń fi fúláwà ife méjì pàdé omi ife kan, ó sì ti yàtọ̀. Bí mo bá fi ṣíbí bù ú báyìí, kì í ṣàn mọ́, ó ń jábọ́ gbì bí àkàrà tí wọ́n fẹ́ dà sínú epo.

Lónìí, mo tan ọ́fùnù sílẹ̀ kí n tó fọ ẹyin kan. Mo rò ó níwọ̀nba, mo ń rántí ọ̀rọ̀ Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, ọwọ́ ń yún mi. Ápù ewé méjì. Agbede méjì ọ́fùnù, iná rírẹlẹ̀, fọ́ìlì ní ìṣẹ́jú 35, mo sì gbé e kúrò ní wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo jẹ́ kó tutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìbejì dúró tì mí bí ọlọ́pàá.

Mo gé e. Ó gbẹ, ó rọ̀, ápù dúró káàkiri inú rẹ̀. Mélòó kan ṣì rì, n kò ní parọ́, bíi mẹ́ta mẹ́rin. Ìkan díẹ̀ kan wà lẹ́yìn adùn rẹ̀ tí n kò rí nínú kéèkì rí.

Bàbá_Aláàrò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire. Mọ́tò Ìkọ̀lé ṣì ń kó èrò ní gáréèjì, ẹ fi ègé kan rán an sí mi. Àárín ni kó jẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Adó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:58 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ má bínú. Taiwo àti Kẹ́hìndé ti gbẹ́ àárín lọ. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù, ọkọ mi sì ti gbé abọ́ lé e.